Ọjọ́ tí Ìyá Ṣíji Jókòó ti Ààrò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Dorothy Ọ̀ṣuntọ́lá gbé ọkọ́ lé èjìká, ó wọ abẹ́ àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà Lálúpọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó ààrò ara rẹ̀.

Kò kánjú. Etí ààrò ló kọ́kọ́ dá ọkọ́ lé, níbi tí agbada máa ń jókòó sí, nítorí pé ibẹ̀ ni iná ti jẹ jù, amọ̀ ibẹ̀ sì ti pọ́n bí ìkòkò. Ó fi ẹnu ọkọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fọ́, ó ṣa àwọn àfọ́kù pupa náà sínú agbọ̀n kan, ó sì da èyí tó kù síta. Àwọn pupa yẹn wúlò fún un. Yóò gún wọn kúnná, yóò sì pò wọ́n mọ́ amọ̀ tuntun. Amọ̀ tútù máa ń súnkì bó bá ń gbẹ, ibi tó bá sì ti súnkì jù ló ti ń lanu. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ti rí iná rí kì í súnkì mọ́. Bí wọ́n bá wà pọ̀, èyí tó ti rí iná á máa di èyí tí kò tíì rí i mú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí. Ó kàn ṣàkíyèsí nígbà kan pé ibi tí òun fi ìkòkò gígún dí lára ògiri ilé ìdáná òun kò lanu mọ́, ó sì rò ó síwá rò ó sẹ́yìn títí ó fi yé e.

Gbọ́njúbọ́lá, tí ààrò tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Dorothy, dé pẹ̀lú asẹ́ lábẹ́ apá. Ó dúró ṣanṣan.

"Yéè! Ìyá Ṣíji! Kí ni ààrò ṣe fún yín? Ṣé ó bú yín ni?"

Ìyá Ṣíji ni gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ń pe Dorothy, nítorí Olúwaṣíjibòmí, àkọ́bí rẹ̀.

"Kò bú mi," ni Dorothy wí, kò dáwọ́ ọkọ́ dúró. "Èéfín rẹ̀ ló ń fi ata sí mi lójú."

"Èéfín ta ni kò fata síni lójú? Ẹ sì mọ̀ pé Sàníù ń kó ẹ̀gẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Mo mọ̀."

"Ta ni yóò wá bá wa bó o?"

"Ẹ̀yin tí ààrò yín gbẹ."

Gbọ́njúbọ́lá pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ ẹnu àgbà! Ẹ̀yin tí ààrò yín gbẹ!" Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín lọ, kò sì béèrè ohun tó dé tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ yìí gan-an ni Ìyá Ṣíji yàn.

Ohun tó dé nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, Tèmídayọ̀, ọmọ ìkẹyìn Dorothy, yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ẹgbẹ́dá. Ọmú ni Tèmídayọ̀ ṣì ń mu nígbà tí baba rẹ̀ kú. Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ọkùnrin náà, Dorothy jókòó sídìí agbada gbígbóná, ọmọ lẹ́yìn, àkúfọ́ igbá lọ́wọ́, ó ń yí gàrí, ó sì sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé: Ọjọ́ tí ọmọ yìí bá jáde lọ síbi iṣẹ́ ara rẹ̀, n ó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. N kò ní bó, n kò ní kù, n kò ní yan, n kò ní sè. Ọjọ́ náà ni yóò jẹ́ ọdún tèmi.

Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ọlọ́run, nítorí náà kò sọ ọ́ fún wòlíì. Àárín òun àti ara rẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ó ti ronú ọ̀rọ̀ ọdún yìí dáadáa. Àwọn onígbàgbọ́ ní Kérésìmesì àti Àjíǹde. Àwọn mùsùlùmí ní Iléyá. Àwọn ará ilé baba rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń bọ Ọ̀ṣun ní ọjọ́ tiwọn. Ó ti bá gbogbo wọn ṣe é rí, kò sì rí èyíkéyìí nínú rẹ̀ tí kì í ṣe obìnrin ló ń lọ ata, tó ń se ọbẹ̀, tó ń fọ ìkòkò nígbà tí àlejò bá lọ tán. Kò rí ọdún kan tí wọ́n dá sílẹ̀ nítorí ẹni tó ti rẹ̀.

Ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe rírẹ̀ tí oorun alẹ́ kan ń mú lọ. Bó bá jí láàárọ̀, àárẹ̀ náà ti jí ṣáájú rẹ̀, á ti jókòó sí ìdí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, á máa dúró dè é.

Ó ti gbìyànjú rí. Nígbà tí Ṣíji gbòmìnira níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ jíjó irin, Dorothy rò pé òun yóò fi ọjọ́ kan sinmi kí òun fi tọ́ ọ wò ná. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kí oòrùn tó gbóná lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin ti dé pẹ̀lú orin, wọ́n ní àwọn wá bá a yọ̀. Ẹni tó bá wá báni yọ̀ kò gbọdọ̀ lọ lẹ́nu gbígbẹ. Ó dáná, ó wá ẹja, ó yá abọ́, ó sáré lọ sáré bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ń fọ abọ́ oníabọ́ kó lè mọ èyí tí yóò dá padà fún oníkálukú. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n ní, "Ẹ kú ìnáwó o, ẹ kú ìsinmi." Ní ọjọ́ kejì ó tún padà sídìí agbada.

Kò bínú sí wọn. Wọn kò mọ ọdún tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, ó wá ọ̀nà bí ẹni tó ń wá ibi tí omi ti ń jò lára òrùlé. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni nǹkan tó lè mú obìnrin jókòó ní ìlú yìí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló ń ṣe? Àìsàn, kò sì fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ọ̀fọ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìkókó, ìyẹn ti kọjá lórí rẹ̀. Ohun tó wá kù ni ààrò tútù.

Òfin kan wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ó ti wà kí Dorothy tó dé ibẹ̀: ẹni tí ààrò rẹ̀ bá tutù, a kì í rán an níṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ààrò tuntun gbọ́dọ̀ jókòó tì í lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ó ń gbẹ, ó sì ń lanu níbí lanu lọ́hùn-ún. Bó bá ti lanu, kí wọ́n fi ọwọ́ tútù pa á dé kíá, kí wọ́n fi òkúta dídán ra á. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ibi tó lanu á ti le, kò tún ní gba ọwọ́ mọ́. Ewúrẹ́ ńkọ́? Ewúrẹ́ fẹ́ràn kó gun nǹkan tó bá ga. Nítorí náà, jíjókòó ti ààrò, iṣẹ́ ni. Ó jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí Dorothy mọ̀ tó jẹ́ pé ìdí ni wọ́n fi ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn, ó mọ ọ́ bí ó ti yẹ kí wọ́n mọ ààrò. Ó pa amọ̀ ọ̀gán tó ti rẹ sómi pọ̀ mọ́ àfọ́kù gígún, ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ àti koríko tó gé wẹ́wẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kò fi lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́. Ó yí díẹ̀ nínú rẹ̀ bí okùn, ó ká a mọ́ ìka. Okùn amọ̀ náà kò já. Ó tó.

Ààrò àtijọ́ kọ ẹnu sí ẹni tó ń yan gàrí, ibi tí èèyàn jókòó sí náà ni èéfín ń gbà jáde. Dorothy yí i padà. Ó kọ ẹnu tí wọ́n ń ki igi sí síta àtíbàbà, ó sì ṣe ihò èéfín sí òdìkejì, ó mọ ọ́ ga bí ọrùn ìgò títí ó fi ga ju orí ẹni tó bá dúró lọ. Èéfín kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Òkè ló ń wá. Bí èèyàn bá fún un lọ́nà tó ga ju ojú lọ, kò ní wá ojú wá. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí etí ààrò ṣì rọ̀, ó gbé agbada lé e, ó yí i lọ yí i bọ̀, kí agbada fúnra rẹ̀ gbẹ́ ibùjókòó ara rẹ̀, kí àyè má baà sí tí èéfín yóò gbà yọ. Ó tún gbé e kúrò. Ó rẹ àpò ìdọ̀họ sómi, ó fi bo gbogbo rẹ̀, ó sì rọra na ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dípẹtà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ìjọ Àpọ́sítélì tó ń lọ, wọ́n kọrin, wọ́n dúró, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n tún dúró. Bí wọ́n ti jáde ni Ìyá Praise, olórí Ẹgbẹ́ Obìnrin Rere, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìyá Ṣíji, ẹ fẹ́ fi ayọ̀ pamọ́ fún wa ni? A ti gbọ́! Tèmídayọ̀ ń wọṣẹ́ lọ́la. Ẹgbẹ́ ti pinnu, a ń bọ̀ nílé yín lọ́la lọ́sàn-án. Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Ìrẹsì díẹ̀ báyìí ni kí ẹ sè."

Dorothy mọ "díẹ̀" Ìyá Praise. Ìkòkò tó ń se díẹ̀ yẹn, èèyàn méjì ló ń gbé e.

"Ẹ ṣeun o, Ìyá Praise. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo máa wà lọ́la. Àná ni mo mọ ọ́n."

"Ààrò tuntun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣì tutù."

Ìyá Praise jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí agbada ni ìyá tó bí òun náà ti tọ́ ọ dàgbà. "Ta ló ń ṣọ́ ọ báyìí?"

"Àpò ìdọ̀họ ni mo fi bò ó."

"Àpò ìdọ̀họ! Ẹ wá dúró níbí, ẹ ń bá mi rojọ́? Ewúrẹ́ àdúgbò yín kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ jàre. Ìdúpẹ́ á dúró dè wá, amọ̀ ò ní dúró de ẹnì kankan."

Dorothy lọ. Kò purọ́. Bí ó ti ń rìn lọ sílé, ó tún un yẹ̀ wò, kò rí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ojú ọjọ́ mọ́ láìsí ìkùukùu. Tèmídayọ̀ wọ aṣọ funfun, ó bá ìyá rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà, ó kúnlẹ̀ sórí ìwé ìròyìn kí aṣọ má baà dọ̀tí.

"Màámi, mò ń lọ."

"Lọ ire, kí o bọ̀ ire. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣìṣe lára ẹnì kankan."

"Àmín. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ sinmi díẹ̀ lónìí."

"Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn."

Ọmọ náà kò gbà á gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àwàdà àgbàlagbà, ó dìde, ó lọ dúró de ọkọ̀. Dorothy wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí aṣọ funfun náà fi wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí àpò ìdọ̀họ kúrò lójú ààrò, ó tẹ́ ẹní, ó gbé abọ́ omi àti òkúta dídán sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti òpó. Ọdún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ẹni tó kọ́kọ́ kọjá wí.

"Ẹ ṣeun o."

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ṣíji. Ààrò yìí mà rẹwà o!"

"Ẹ ṣeun, ó ṣì tutù."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọjá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kí i kú iṣẹ́. Dorothy ń dáhùn, ó sì ń gbádùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ibì kan lanu ní ẹ̀gbẹ́ ihò èéfín, tín-ínrín bí irun. Ó fi ọwọ́ tútù kàn án, ó fi òkúta ra á, ó di. Ó tún fẹ̀yìn ti òpó.

Ibi tó dé nìyẹn nígbà tí ọkọ̀ Sàníù yà wọlé. Sàníù ló máa ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún wọn láti àwọn oko ìtòsí. Ẹrù tó kó lọ́jọ́ náà ga tó fi jẹ́ pé ó fi okùn dì í, táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń kérora lábẹ́ rẹ̀.

"Sàníù, ta ni ó fẹ́ bó èyí?" Gbọ́njúbọ́lá pariwo.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Wọ́n ti ta ilẹ̀ oko yẹn. Ẹni tó rà á ní katakata òun ń wọ ibẹ̀ lọ́la. Gbogbo ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ la wú tán, kékeré, ńlá." Ó rí Dorothy lórí ẹní. "Màmá, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀gẹ́ yìí ò mọ̀ pé ààrò yín tutù o."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti kúrò nínú ilẹ̀ kì í ní sùúrù. Bí wọn kò bá tètè bó o, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí ìṣó tó wọ inú igi tútù, gàrí rẹ̀ á sì já kulẹ̀ lójú ẹni tó ń rà á. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n yí òkìtì náà ká, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò pẹ́, Gbọ́njúbọ́lá dìde. Ó fa agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan wá síwájú ẹní Dorothy, ó gbé ọ̀bẹ lé e lórí.

"Ìyá Ṣíji, n ò rán yín níṣẹ́ o. Ẹ ò dẹ̀ ní dìde. Ẹ jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa bó o. Ojú ló ń ṣọ́ ààrò, ọwọ́ ló ń bó ẹ̀gẹ́."

Òótọ́ ni. Dorothy wo ọ̀bẹ náà. Ó ti wo gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dé ọ̀dọ̀ òun, ó ti dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rántí ọwọ́ ara rẹ̀ tó wà lófìfo lórí itan rẹ̀. Kó tó mọ̀, ó ti mú ẹ̀gẹ́ kan, ó ti gé e lórí, ó ti là á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọwọ́ náà kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ti mọ iṣẹ́ yẹn ju bó ti mọ ìsinmi lọ.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Gbọ́njúbọ́lá, n ò ní bó o."

"Ṣé ara yín ò yá ni?"

Ibẹ̀ ni ì bá ti rọrùn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "bẹ́ẹ̀ ni", gbogbo wọn ì bá sì máa kí i pẹ̀lẹ́. Dorothy wo ààrò, ó tún wo Gbọ́njúbọ́lá.

"Ara mi yá. Mò ń ṣọdún ni."

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbójú sókè.

"Ọdún kí ni?"

"Ọdún tèmi. Ọmọ mi ìkẹyìn bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Láti ìgbà tí baba rẹ̀ ti kú ni mo ti sọ pé lọ́jọ́ náà, n kò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ọjọ́ náà ló dé yìí."

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ sójútáyé. Lẹ́nu rẹ̀, ó kéré. Ó dàbí ohun tí ọmọdé lè sọ.

Sàníù ló kọ́kọ́ fọhùn. "Ọdún tí kò sí ẹran níbẹ̀? Màmá, ta ló fẹ́ fọwọ́ sí i?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

Gbọ́njúbọ́lá kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé pé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀tàn ni ààrò yìí?"

"Kì í ṣe ẹ̀tàn. Ààrò gidi ni, n ó sì yan gàrí nínú rẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ ni mo yàn."

"Ó ti rẹ àwa náà o, Ìyá Ṣíji."

"Mo mọ̀."

Gbọ́njúbọ́lá dúró bí ẹni tó ń retí ìyókù ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó fa agbọ̀n padà lórí ilẹ̀ gbùrùgbùrù. "Ó dáa. Ọdún á yabo." Nígbà tó jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí Dorothy.

Jíjókòó náà wá le. Ṣáájú ìgbà yẹn, àtíbàbà ń dùn mọ́ ọn nínú. Nísinsìnyí, ó ń gbọ́ gbogbo ẹ̀gẹ́ tó ń bọ́ sínú abọ́, gbì, gbì, bí ẹni pé èyí tí òun ì bá bó ni wọ́n ń kà sí òun létí. Ìka rẹ̀ ń yún un. Lẹ́ẹ̀kan, ó fi orúnkún kan lélẹ̀ láti dìde. Ó ní kí òun kàn bó agbọ̀n kan péré, kí inú obìnrin yẹn rọ̀, kí òun sì wá bá ọdún òun lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ ara rẹ̀. Agbọ̀n kan yóò pe èkejì, èkejì yóò pe omi tí wọn yóò fi fọ̀ ọ́, omi yóò pe ẹ̀rọ tí yóò rin ín, títí oòrùn yóò fi wọ̀. Iṣẹ́ kì í tán níbi tí wọ́n bá ti rí ẹni tí yóò ṣe é. Bí òun kò bá jókòó lónìí, kò sí ọmọ mìíràn tí yóò tún bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ fún òun. Ó dá orúnkún padà sórí ẹní.

Ó pa ibì kan dé ní ẹnu ààrò. Ó fi òkúta ra etí rẹ̀, ó ń ra á yípo, ó ń dán bí àwọ̀ ara. Oòrùn dé àárín ọ̀run. Atẹ́gùn kan tó gbóná díẹ̀ wọlé láti ìhà oko. Ó gbé orí lé òpó, ó ní kí òun kàn mójú kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ ná.

Dorothy kò sùn lọ́sàn-án rí lójú èèyàn. Ó sùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n bó ẹ̀gẹ́, kò gbọ́. Wọ́n fọ̀ ọ́, omi ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n tan ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí ariwo rẹ̀ ń dé ojú títì, kò jí. Àárẹ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti rí ibi jókòó, kò sì fẹ́ dìde.

Nígbà tó la ojú, òjìji òpó ti gùn, ó ti kọjá lórí ẹní rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ rírin ti wà nínú àpò lábẹ́ jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, omi rẹ̀ ń kán tó, tó, tó. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́kàn ni amọ̀, ó sì fò dìde.

Ààrò wà níbẹ̀ ní pípé. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí jù, ojú rẹ̀ ní àmì àtàǹpàkò lójú ibi méjì tó ti lanu tí wọ́n sì ti pa dé. Àtàǹpàkò náà kéré sí ti Dorothy. Ó wò yíká. Wọ́n ti kó èèpo ẹ̀gẹ́ jọ jìnnà sí ààrò, lẹ́yìn igi máńgòrò lọ́hùn-ún, gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò sì ti para pọ̀ síbẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọn kò ráyè wá wo ìhà ibí. Kò sí bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́ pẹ̀lú igi ì bá ti ṣe é tó báyẹn.

Gbọ́njúbọ́lá ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù omi. Kò wojú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló lanu. Mo ti pa á dé. Ẹ̀yin ń hanrun, Sàníù ní òun rò pé ẹ̀rọ kejì ni wọ́n tan."

"O ṣeun, Gbọ́njúbọ́lá."

"N ò ṣe é nítorí yín o. Amọ̀ ọ̀gán ni n ò fẹ́ kó ṣòfò." Ó da omi ẹsẹ̀ nù, ó gbé asẹ́ rẹ̀, ó rìn díẹ̀, ó sì dúró. Ojú rẹ̀ ti wú fún àárẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ti gbẹ sí i lápá. "Ẹ kú ọdún."

"Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀."

Tèmídayọ̀ dé ní àṣálẹ́, ó bọ́ bàtà kúrò lẹ́sẹ̀ kó tó dé ìdí ẹní. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Màámi, ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wọn ò jẹ́ kí n jókòó láti àárọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ṣe lónìí?"

"N ò ṣe nǹkan kan," ni Dorothy wí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì tún un sọ, jẹ́jẹ́. "N ò ṣe nǹkan kan rárá."

Wọ́n fi ààrò náà sílẹ̀ títí kò fi tutù mọ́ bí èèyàn bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Dorothy kọ́kọ́ fi igi wẹ́wẹ́ dáná sí i, iná kékeré, kí omi tó ṣẹ́ kù nínú amọ̀ lè jáde láìbínú. Lọ́jọ́ kejì ó ki igi ńlá sí i. Iná náà gba ẹnu rẹ̀ wọlé, ó fẹ́ lọ sábẹ́ agbada pẹ̀lú ohùn bí ẹni tó ń mí, èéfín gba ọ̀nà òkè, ó ga ju àtíbàbà lọ, atẹ́gùn sì gbé e lọ sí ìhà oko. Etí ààrò kò lanu. Àyè kò sí láàárín rẹ̀ àti agbada.

Àwọn obìnrin wá wò ó. Wọ́n yí i ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ihò èéfín. Dorothy pe Gbọ́njúbọ́lá.

"Gbé tìrẹ wá. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ yan."

"Èmi kẹ̀? Nínú ààrò yín?"

"Gbé e wá."

Gbọ́njúbọ́lá da ẹ̀gẹ́ kíkù sínú agbada, ó mú àkúfọ́ igbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ó ti fún ojú pọ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí èéfín. Ó yí i títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ bí yanrìn, ojú rẹ̀ ṣì fún pọ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra la ojú kan. Ó la èkejì. Ó yí gàrí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń yí i, bí ẹni tí kò rí ọwọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́ rí.

"Ìyá Ṣíji," ó ní, kò gbójú sókè, "ohun tí ẹ rí nínú ọdún yín nìyí?"

"Rárá," ni Dorothy dáhùn. Ó ti jókòó sórí àpótí níwájú ẹnu ààrò, ó ń ki igi. "Iṣẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló fún mi ní ààrò. Oorun ni mo rí nínú ọdún."

Gbọ́njúbọ́lá yí gàrí náà pa dà, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ wò. Ó gbẹ, ó sì fúyẹ́, kò sí òórùn èéfín lára rẹ̀.

"Ìdánwò àṣekágbá ni àbíkẹ́yìn mi ń ṣe lọ́wọ́," ó ní. "Bó bá wọṣẹ́, ẹ ó bá mi mọ tèmi."

"N ó bá ọ mọ ọ́n."

"Ẹ ó sì bá mi bó ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà."

"N ó bó o," ni Dorothy wí, "gbogbo rẹ̀."